Bí a ṣe ń sun amọ̀ kaolin di metakaolin tí yóò ṣiṣẹ́ nínú sìmẹ́ńtì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ki amọ̀ funfun bọ iná, tí wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, tí wọ́n á fi rọ́pò díẹ̀ lára sìmẹ́ńtì, tí kọnkéré náà á wá rọ̀ ju èyí tí wọn kò fi amọ̀ kankan sí lọ. Wọ́n á ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé amọ̀ sísun kò lágbára kankan. Ó lágbára. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ irú ọ̀ràn báyìí, amọ̀ náà kò jinná dé inú, tàbí ó jinná kọjá ààlà, tàbí kó má tilẹ̀ jẹ́ kaolin láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí èyí tí ojú lásán lè fi mọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òṣùwọ̀n ló ń tú àṣírí wọn, ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí i pé wíwọn amọ̀ pọ̀ nínú ìtọ́sọ́nà yìí ju dídáná lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí iná ń lọ ṣe. Omi inú kaolin kì í ṣe ọ̀rinrin nìkan. Omi mìíràn wà tó ti di ara amọ̀ náà, tí oòrùn kò lè fà jáde. Tí kaolin bá mọ́ gaara, 100 gíráàmù rẹ̀ ní nǹkan bíi 14 gíráàmù irú omi bẹ́ẹ̀ nínú. Láti bíi 450 °C ni omi yìí ti ń jáde, tó bá sì fi máa pẹ́ díẹ̀ ní 600 °C, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á ti lọ. Ohun tó kù ni à ń pè ní metakaolin. Ètò ara rẹ̀ ti dàrú, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́, ó sì ń wá láìmù (ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń rí láti ara òkúta ẹfun tí wọ́n sun) tí yóò so mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láìmù ni sìmẹ́ńtì máa ń tú sílẹ̀ nígbà tí omi bá kàn án. Metakaolin á gbá láìmù yẹn mú, àwọn méjèèjì á sì di irú lẹ́ẹ̀ kan náà tó ń mú kí sìmẹ́ńtì le.

Tí iná bá kọjá 900 °C, amọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ tò. Nígbà tó bá fi máa dé bíi 980 °C, ó ti di ohun mìíràn tí kò wá láìmù mọ́. Nítorí náà, àárín 650 sí 800 °C ni ká fi iṣẹ́ wa mọ.

Ohun tí ẹ ó nílò

- Òṣùwọ̀n tó lè ka ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù (0.1 g). Èyí tó ń ka 0.01 g ló dára jù.
- Ìléru iná mànàmáná tàbí ti gáàsì tó lè dé 800 °C kó sì dúró síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta.
- Thermocouple (ọ̀pá onírin tí wọ́n fi ń wọn ooru) méjì, oríṣi K. Ẹyọ kan kò tó, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.
- Ife tánganran kéékèèké tí iná kò lè fọ́, pẹ̀lú ìdérí wọn.
- Àwo pẹrẹsẹ tí wọ́n fi amọ̀ tó ti jinná ṣe. Àwo irin lásán máa ń bó èépá dúdú sínú amọ̀ bó bá pẹ́ nínú iná.
- Asẹ́ oníhò 45 máíkírọ́ọ̀nù, àti ẹ̀rọ ìlọ̀ oníbọ́ọ̀lù.
- Waya iná tí wọ́n fi alumíníọ̀mù fa, àti iyọ̀ oníhóró díẹ̀. Wọ́n níṣẹ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣe.
- Fínígà, láìmù tí a ti bu omi pa, sìmẹ́ńtì tí kò ní àdàlù, iyanrìn tó mọ́.
- Ìbòmú tó ń sẹ́ eruku kíkúnná (irú N95 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ), ìbọ̀wọ́ iná, awò ojú.

Ìbòmú yẹn kì í ṣe àṣejù o. Iyanrìn kíkúnná sábà máa ń wà nínú amọ̀, eruku rẹ̀ sì máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ láìsí àtúnṣe.

Ìpele 1: Ẹ yẹ amọ̀ wò kí ẹ tó fi iná ṣòfò

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń kánjú jù nìyí. Amọ̀ funfun kọ́ ni gbogbo kaolin, gbogbo amọ̀ funfun kọ́ sì ni kaolin. Amọ̀ tó pọ́n nítorí irin inú rẹ̀ lè ní kaolin tó pọ̀ gan-an, nígbà tí èyí tó funfun báláú lè jẹ́ iyanrìn tó kúnná tàbí òkúta ẹfun.

Ẹ kọ́kọ́ kán fínígà sórí ìyẹ̀fun amọ̀ gbígbẹ. Tó bá hó, òkúta ẹfun wà nínú rẹ̀. Ẹ wá amọ̀ mìíràn, nítorí òkúta ẹfun náà máa ń fúyẹ́ nínú iná, á sì da gbogbo ìṣirò tó ń bọ̀ rú.

Lẹ́yìn náà, ẹ da ṣíbí ìyẹ̀fun amọ̀ kan sínú ife omi, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ mọ́jú. Kaolin á kàn rì sísàlẹ̀ ni. Tó bá wú di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, tó sì ń yọ̀ bí ọ̀gì tútù, bentonite, irú amọ̀ mìíràn, ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bentonite náà ṣeé sun, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ bá láìmù ṣiṣẹ́ tó kaolin, iná tó ń fẹ́ sì yàtọ̀.

Èyí tó jọjú jù ni wíwọn. Ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ gbé ife tánganran òfìfo gbóná ní 700 °C, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀.
2. Ẹ bu nǹkan bíi 50 gíráàmù ìyẹ̀fun amọ̀ sí i. Ẹ gbẹ ẹ́ ní 105 °C títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.
3. Ẹ sun ún ní 350 °C fún wákàtí méjì. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wọ̀n ọ́n.
4. Ẹ sun ún ní 700 °C fún wákàtí méjì. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wọ̀n ọ́n.

Ohun tó bá jóná láàárín 105 sí 350 °C kì í ṣe omi kaolin. Ewéko jíjẹrà ni, tàbí omi inú ìpẹtà irin àti irú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ má kà á mọ́ ọn. Ohun tó dín láàárín 350 sí 700 °C ni ẹ ó fi ṣírò.

Ká ní amọ̀ gbígbẹ ní 105 °C jẹ́ 52.0 gíráàmù, tó di 50.6 lẹ́yìn 350 °C, tó sì di 46.2 lẹ́yìn 700 °C. 50.6 yọ 46.2 jẹ́ 4.4. Ẹ fi 52.0 pín 4.4, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100: 8.5%. Ẹ wá fi 14 pín 8.5, ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Bíi 60% amọ̀ náà ni kaolin.

Fún sìmẹ́ńtì alámọ̀-sísun tí wọ́n ń pè ní LC3, 40% kaolin ni wọ́n máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ohun tó ṣeé lò. Tí tiyín bá wà lábẹ́ 40%, ẹ lọ sí Ìpele 2 kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì tún un wọ̀n.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* wọ́n á yọ ife nínú iná, wọ́n á gbé e sórí tábìlì ní gbangba títí yóò fi tutù, lẹ́yìn wákàtí kan wọ́n á wá wọ̀n ọ́n. Amọ̀ sísun máa ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, nítorí náà ìwọ̀n tí wọ́n rí ti lé. Inú ohun onírin tó dé pinpin, tí àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ni kó ti tutù. Ẹ má sì wọn ife gbígbóná, afẹ́fẹ́ tó ń gbóná lọ sókè máa ń jẹ́ kí òṣùwọ̀n parọ́.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú amọ̀ kan náà. Tí èsì méjèèjì bá fi ju 3% kaolin lọ yàtọ̀ síra, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Ìpele 2: Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́

Tí kaolin yín bá ti kọjá 60% láti ilẹ̀, ẹ fo fífọ̀, ẹ kàn mú gbòǹgbò àti òkúta kúrò. Tó bá kéré, ẹ po amọ̀ kan mọ́ omi mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ rò ó dáadáa, ẹ jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta péré kí iyanrìn lè rì. Ẹ rọra da omi funfun tó wà lókè sínú ike mìíràn gba inú asẹ́ kọjá. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì títí amọ̀ yóò fi jókòó, ẹ da omi gaara tó wà lórí rẹ̀ nù.

Ẹ tẹ́ amọ̀ náà pẹrẹsẹ, kó gbẹ, kí ẹ sì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ìwọ̀n yìí ṣe pàtàkì. Ògúlùtu ńlá máa ń jinná lára kí inú rẹ̀ tó gbóná, bí amọ̀ tútù bá sì wọ iná lójijì, omi inú rẹ̀ á di oru omi, á sì bú gbàù. Ó lè fọ́ ohun tó ń mú ìléru gbóná.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ju wẹ́wẹ́ kan sínú àpò ọ̀rá tó hàn gaara, ẹ dì í, ẹ gbé e sínú oòrùn fún ogún ìṣẹ́jú. Bí ìrì bá lẹ̀ mọ́ ọ̀rá nínú, kò tíì gbẹ.

Ìpele 3: Sísun

Ẹ tẹ́ amọ̀ sínú àwo, kó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ. Ẹ ti orí thermocouple kan bọ àárín amọ̀ gan-an, kí èkejì wà nínú afẹ́fẹ́ ìléru. Ìdí rẹ̀ rèé: nígbà tí omi bá ń jáde lára kaolin, ó máa ń gba ooru mu. Láàárín 450 sí 600 °C, afẹ́fẹ́ ìléru lè ti dé 700 kí inú amọ̀ ṣì wà ní 520, tí kò kúrò níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó bá ń wo afẹ́fẹ́ nìkan á rò pé òun ti parí, á pa iná, ìdajì àwo náà á sì jẹ́ amọ̀ tútù, ìyẹn èyí tí kò tíì jinná.

Bí iná yóò ṣe gòkè nìyí:

1. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé 110 °C, ẹ rọra lọ, kí ẹ sì dúró síbẹ̀ fún wákàtí méjì. Ihò ìléru gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí kí oru omi lè jáde.
2. Láti 110 dé 450 °C, ẹ lè máa fi 5 °C kún un ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.
3. Láti 450 dé 600 °C, ẹ dín in kù sí 2 tàbí 3 °C ní ìṣẹ́jú. Bí inú amọ̀ bá fi ju 60 °C lọ rẹ̀yìn, ẹ dá iná dúró títí yóò fi bá a.
4. Ẹ gbé afẹ́fẹ́ ìléru lọ sí 730 °C. Láti ìgbà tí thermocouple *inú amọ̀* bá ti ka 700 ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí méjì. Kì í ṣe ìgbà tí ti afẹ́fẹ́ bá kà á.
5. Ẹ pa iná. Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn kí ó tó bọ́ sísàlẹ̀ 200 °C.

Ṣé ẹ lè sun ún yá ju báyìí lọ? Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń ṣe é, wọ́n máa ń fẹ́ ìyẹ̀fun amọ̀ gba inú iná kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ó ṣeé ṣe fún wọn nítorí pé hóró kọ̀ọ̀kan dá wà nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná. Amọ̀ tí ẹ kó jọ sínú àwo kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ sì má fi 850 °C "rí i dájú pé ó jinná" o. Ní 850, kaolin ṣì lè ṣiṣẹ́, àmọ́ àyè tó kù kí ó tó kú kò pọ̀ mọ́, ìléru kò sì gbóná bákan náà káàkiri. Ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ iná lè ti kọjá 900.

Ibi tí waya alumíníọ̀mù àti iyọ̀ ti wọlé rèé. Alumíníọ̀mù tó mọ́ máa ń yọ́ ní 660 °C, iyọ̀ ní 801 °C. Ẹ gé waya náà sí sẹ̀ǹtímítà méjì-méjì, kí etí ibi tí ẹ gé mú ṣánṣán. Ẹ fi ẹyọ kan sínú ife tánganran kékeré, ẹ fi hóró iyọ̀ mẹ́wàá sínú òmíràn, ẹ dé wọn. Ẹ gbé irú ife méjì bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iná, méjì sí àárín, méjì sí kọ̀rọ̀ tó tutù jù nínú ìléru.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti tutù, ẹ ṣí wọn. Bó ti yẹ kó rí ni pé alumíníọ̀mù ti yọ́ níbi gbogbo, iyọ̀ kò sì yọ́ níbì kankan. Èèpo tín-ín-rín lè jẹ́ kí alumíníọ̀mù dà bíi pé ó ṣì dúró, nítorí náà ẹ wo etí ibi tí ẹ gé: bó bá ti kún roboto, tàbí tí ara rẹ̀ wó pẹ̀lẹ́bẹ́ sílẹ̀, ó ti yọ́. Bí etí náà bá ṣì mú ṣánṣán nínú ife kọ̀rọ̀, amọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò dé 660, ẹ yà á sọ́tọ̀ kí ẹ tún un sun. Bí iyọ̀ bá ti di yìnyín dídán kan ní ìsàlẹ̀ ife, ibẹ̀ ti kọjá 801, ẹ má da amọ̀ ibẹ̀ pọ̀ mọ́ tàwọn tó kù títí ẹ ó fi dán an wò.

Ẹ má lo agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò dípò waya. Irin mìíràn wà nínú rẹ̀, ó máa ń yọ́ kí iná tó dé 660, á sì tàn yín jẹ.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ńkọ́? Amọ̀ tó ní irin lè jáde ní pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí bí àwọ̀ ọsàn, èyí tí kò ní irin á funfun. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó nínú ìléru, ó lè jáde ní eérú. Irin àti afẹ́fẹ́ ni gbogbo ìyẹn ń sọ. Kò sọ ohunkóhun nípa bóyá amọ̀ jinná.

Ìpele 4: Ǹjẹ́ ó jinná?

Èyí tó yá kíákíá: ẹ mú wẹ́wẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan láti orí àwo, ọ̀kan láti àárín, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, ẹ jù wọ́n sínú omi fún wákàtí kan. Amọ̀ tútù á tú, á di ẹrẹ̀. Èyí tó jinná á dúró bó ṣe wà. Tí ẹ bá fi ìka rin ín, á ṣe bí iyanrìn kíkúnná, kò ní fà bí amọ̀ mọ́.

Ìyẹn kò tó láti fi ṣe ìpinnu ìkẹyìn, nítorí amọ̀ tó jinná ní ìdajì náà lè máà tú. Ẹ padà sọ́dọ̀ òṣùwọ̀n. Ẹ mú bíi 20 gíráàmù láti àárín àwo, ẹ gbẹ ẹ́ ní 105 °C, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ sun ún ní 700 °C fún wákàtí méjì, ẹ tún un wọ̀n. Ká ní nínú Ìpele 1, amọ̀ yín pàdánù 8.5%. Tó bá jẹ́ 0.4% péré ló tún pàdánù báyìí, bíi 95% kaolin ibẹ̀ ló ti di metakaolin, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Tó bá jẹ́ 2%, ìdá kan nínú mẹ́rin ni kò tíì jinná.

Amọ̀ tí kò jinná yìí ni ọ̀tá kọnkéré gan-an. Kì í bá láìmù ṣe nǹkan, ó sì máa ń mu omi púpọ̀, ẹni tó ń po kọnkéré á wá máa bu omi kún un kó lè rọ̀.

Ìpele 5: Lílọ̀

Ẹ lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ oníbọ́ọ̀lù fún wákàtí kan, kí ẹ dúró, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Metakaolin rọ̀, kì í pẹ́ kúnná. Iyanrìn inú rẹ̀ ló ń pẹ́.

*Àyẹ̀wò:* ẹ wọn 10 gíráàmù sórí asẹ́ 45 máíkírọ́ọ̀nù, ẹ fi omi tó ń rọra ṣàn fọ̀ ọ́ títí omi ìsàlẹ̀ yóò fi mọ́, ẹ gbẹ ohun tó kù, ẹ wọ̀n ọ́n. Òfin ASTM C618 (ASTM ni àjọ tó ń ṣe ìlànà ohun èlò ní Amẹ́ríkà) gbà kí tó 34% ṣẹ́kù sórí asẹ́, ìyẹn 3.4 gíráàmù. Fún metakaolin, 1 gíráàmù tàbí kó kéré sí i ni kí ẹ máa lé. Ẹ má sẹ́ ẹ ní gbígbẹ, ó máa ń ṣù, á sì dà bíi pé kò kúnná.

Ẹ má sì lọ̀ ọ́ di ọ̀la. Bó ṣe ń kúnná sí i ló ń mu omi sí i.

Ìpele 6: Ẹ dán an wò pẹ̀lú sìmẹ́ńtì

Oríṣi méjì ni ẹ ó pò, bí ASTM C311 ṣe là á sílẹ̀:

- Èyí tí a ó fi wé: sìmẹ́ńtì 500 gíráàmù, iyanrìn 1375 gíráàmù, omi 242 mílílítà.
- Ti amọ̀: sìmẹ́ńtì 400 gíráàmù, metakaolin 100 gíráàmù, iyanrìn 1375 gíráàmù, àti omi tó máa mú kó rọ̀ bákan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́.

Ẹ rọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú mọ́ọ̀dì mẹ́fà oníhà dọ́gba-dọ́gba, 50 mílímítà. Ẹ bò wọ́n kí ọ̀rinrin má fò lọ fún wákàtí 24, ẹ tú wọn, ẹ rì wọ́n sínú omi tí a ti po láìmù sí. Ẹ fọ́ mẹ́ta nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ 7, mẹ́ta ní ọjọ́ 28. Ẹ fi agbára ti àkọ́kọ́ pín agbára ti amọ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100. 75 ni òfin béèrè fún. Metakaolin tó jinná dáadáa sábà máa ń kọjá 100 ní ọjọ́ 28.

Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ ìfọ́, ẹ po láìmù 50 gíráàmù àti metakaolin 50 gíráàmù pẹ̀lú omi díẹ̀ di ìṣù tó le, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ dì í sínú ọ̀rá kí afẹ́fẹ́ má kàn án, ẹ gbé e síbi tó móoru bíi 40 °C fún ọjọ́ méje. Ẹ ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ tútù. Lẹ́yìn náà ẹ rì méjèèjì sínú omi mọ́jú. Ti amọ̀ tútù á rọ̀, èékánná á wọ inú rẹ̀. Ti metakaolin á le, èékánná á kàn fa ìlà funfun sórí rẹ̀ ni. Ọ̀rá yẹn ṣe kókó: bí afẹ́fẹ́ bá kan láìmù, láìmù nìkan lè le fúnra rẹ̀, ẹ ó sì máa yin amọ̀ fún iṣẹ́ tí kò ṣe.

Ìpele 7: Nínú kọnkéré gan-an

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 10%. Bí kọnkéré yín bá ń gba 350 kílò sìmẹ́ńtì fún mítà onígun kan, ẹ lo 315 kílò sìmẹ́ńtì àti 35 kílò metakaolin. Tó bá dára, ẹ lè lọ sí 15 tàbí 20%.

Á gan ju bí ó ṣe máa ń rí lọ. Má-fomi-kún-un ni o! Superplasticizer, oògùn olómi tó ń jẹ́ kí kọnkéré ṣàn láìsí àfikún omi, ni kí ẹ fi tún un ṣe. Ẹni tó bá bu omi kún un ti fi ọwọ́ òsì gba ohun tó fi ọwọ́ ọ̀tún fún un. Kọnkéré náà gbọ́dọ̀ tutù fún ọjọ́ méje ó kéré tán, nítorí iṣẹ́ metakaolin pẹ̀lú láìmù kò lè ṣẹlẹ̀ níbi tí omi kò sí.

Ẹ má ṣàdéédé fò sí 30% pẹ̀lú sìmẹ́ńtì tí ẹ rà nínú àpò. LC3 ń lo 30% amọ̀ sísun lóòótọ́, àmọ́ ó ní 50% clinker (òkúta sísun tí wọ́n ń lọ̀ di sìmẹ́ńtì), 15% òkúta ẹfun lílọ̀ àti 5% gypsum (òkúta rírọ̀ tí kì í jẹ́ kí sìmẹ́ńtì tètè gan). Gypsum inú àpò sìmẹ́ńtì jẹ́ ìwọ̀n tó kárí sìmẹ́ńtì yẹn nìkan. Bí alumina (èròjà alumíníọ̀mù) láti inú amọ̀ bá pọ̀ jù ú lọ, kọnkéré lè gan lójijì kí ẹ tó rọ ọ́ tán.

Tí iná bá kọjá ibi tí ẹ fẹ́

Amọ̀ tí kò jinná tó kò bàjẹ́, ẹ dá a padà sínú ìléru. Èyí tó jinná jù kò ṣeé dá padà, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ wà níbòmíràn. Láàárín 1000 sí 1100 °C, kaolin tó mọ́ máa ń funfun sí i, ó sì máa ń bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ọ̀dà ilé àti bébà fi ń wá a. Bí iná bá lọ sókè ju 1300 °C lọ, ó di òkúta líle tí wọ́n ń fọ́ wẹ́wẹ́ sínú bíríkì tí wọ́n fi ń tẹ́ inú ìléru, torí ó ti súnkì tán kí wọ́n tó mọ ọ́n.

Ní apá kejì, metakaolin 700 °C kan náà tí ẹ sun fún kọnkéré ni àwọn tó ń ṣe ike tí wọ́n fi ń bo waya iná máa ń fi sínú ike náà kí iná má bàa jò. Ásíìdì sọ́fọ́ríkì sì máa ń tú alumina jáde lára rẹ̀ láti fi ṣe álọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú kí omi mọ́. Amọ̀ tútù kì í fara sílẹ̀ fún ásíìdì náà bẹ́ẹ̀, èyí tó ti kọjá 1000 °C pàápàá kì í gbà mọ́. Nítorí náà, tí ẹ bá ní amọ̀ ẹ̀gbẹ́ iná tí iyọ̀ ti yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò sì yege nínú Ìpele 6, ẹ lọ̀ ọ́ kí ẹ fi díẹ̀díẹ̀ pò mọ́ amọ̀ tútù tí ẹ fẹ́ fi mọ àwo ìsunmọ̀ tuntun. Á dín bí àwo náà ṣe ń súnkì kù, kò sì ní tètè sán nígbà tó bá ń gbẹ.